Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Níwájú Dígí Balùwẹ̀

Talin dá tẹlifíṣọ̀n dúró gbọnin
níbi tí obìnrin náà ti yí ọrùn padà,
tí iná àwọn ayàwòrán ń kọ mànà létí rẹ̀.
"Òun nìyẹn. Irun yẹn gan-an ni kí o ṣe fún mi."
Ibi ayẹyẹ ọ̀hún ò jìnnà sí wa ní Glendale,
ogún ìṣẹ́jú ni nínú mọ́tò tí ọ̀nà bá ṣófo.
Àmọ́ ọ̀nà kì í ṣófo,
wọn ò sì pè wá.

Mo kó ohun tí a ní sí etí bẹ́síìnì:
píìnì mẹ́tàdínlógún, méjì ti wọ́;
ẹ̀rọ ìyírun tí Nvard rà ní gbàǹjo,
tí a fi tẹ́ẹ̀pù dì lọ́rùn bí ẹni tó fara pa;
fasilín, tìróò, ṣíbí ìmutíì kan.
Àtíkè tó kù ò ju ohun tí èékánná lè bù.

Mo la irun rẹ̀ láti òkè ojú ọ̀tún,
mo ká a mọ́ irin gbígbóná, mo ka ení títí dé ẹ̀jọ,
mo tú u, mo fi píìnì há a kó tó tutù.
Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà
bí omi tí afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ń tì.
Òórùn irun tó fẹ́ jó gba inú ilé.
"Etí mi!"
"Má mira."
"Etí mi ni mo wí!"
Ó ti pọ́n. Mo fi fasilín pa á,
mo fi ìyókù ra egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ó sì dán ju ti obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n lọ.

Tìróò ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n lé,
ká mọ̀ ọ́n lé ò dà bíi kólójú má ṣẹ́jú.
Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ti igun ojú rẹ̀,
mo fa ìlà sókè bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀.
Ti ọ̀tún dáa. Ti òsì gùn díẹ̀.
Mo fi kún ti ọ̀tún kí wọ́n lè dọ́gba,
ni ti òsì bá tún kéré.
Nígbà tí mo fi máa gbọ́wọ́ kúrò
ó ti di olè inú àwòrán ọmọdé.
A rẹ́rìn-ín títí omi ojú fi fọ ìdajì rẹ̀ lọ.
Ìdajì tó kù ló wá yẹ ẹ́.

Ìyá àgbà Siranush yọjú, ìbọ̀sẹ̀ olówùú lẹ́sẹ̀.
Ó wo tẹlifíṣọ̀n. "Kapẹ́ẹ̀tì yẹn, ta ló hun ún?"
A ò mọ̀.
Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ka sí tiwa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ hun ní Gyumri,
tí wọ́n fà jáde lábẹ́ òkúta nígbà tí ilẹ̀ mì,
tí a ń gbọ̀n lọ́dọọdún tí eruku rẹ̀ ò tán.
Ó ní kòkòrò tín-ń-tín kan wà lẹ́bàá òkè Árárátì
nídìí koríko ilẹ̀ oníyọ̀; kùtùkùtù ni wọ́n ń ṣà á.
Òun ni wọ́n lọ̀ tí òwú fi pọ́n báyìí,
irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ̀ sínú ìkùntè olówó ńlá.
Talin yínmú. "Kòkòrò, lẹ́nu?"

Ìyá àgbà ò fèsì. Ó wọ ilé ìdáná lọ,
ó mú bíìtìrúùtù tó ṣẹ́kù lára oúnjẹ ọ̀sán,
ó fi pa ètè ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, pupa náà kọjá ààlà lápá òsì.
A ò nù ún.

Bàtà Nvard, a fi bébà dí i níwájú.
Talin gba orí kapẹ́ẹ̀tì náà bọ̀, ó rọra ń yí ọrùn,
bí Nvard fúnra rẹ̀ ṣe ṣílẹ̀kùn wọlé láti ibi iṣẹ́,
ẹyin lọ́wọ́ kan, iná fóònù lọ́wọ́ kejì
torí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti jó láti Ọjọ́rú.
Ó tan iná náà sí i lójú.
"Ìyáàfin, ẹ dákun, aṣọ ta lẹ wọ̀ lálẹ́ òní?"
Talin gbé àgbọ̀n sókè. "Tìẹ ni."

Nvard rọra gbé ẹyin kalẹ̀ kó tó lé e.