Ìka Méjì Omi

Abẹ́ òkúta ni wọ́n pe ìlú wa;
orí òkúta ni Bàbá kọ́lé sí, ní Ìkìjà.
A gbẹ́ kànga títí. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré,
ṣọ́bìrì dún kàn-ìn: ilẹ̀ ní ó tó.
Omi ìjọba ń yọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí ó bá rántí.
Nítorí náà ni táǹkì dúdú ṣe jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé,
bí àgbàlagbà tí kì í sọ iye tó wà lápò òun.

Bàbá nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀.
Á gun àpáta, á fi oríkèé ìka lù ú níkùn:
dì, dì, dì, omi wà níbẹ̀;
gboo, òfìfo ti bẹ̀rẹ̀.
Á sọ̀ kalẹ̀, á ní, "Ẹ má fọ aṣọ lónìí."
A kò ní fọ aṣọ.

Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ di. Orúnkún tẹ̀lé e.
Síbẹ̀ ó ń lù ú, bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn ilé òfìfo.
Ó ní, "Ó kún." Ẹrẹ̀ ló kù nísàlẹ̀.
Ọṣẹ gbẹ mọ́ Mọdínátù ayálégbé wa lára nínú balùwẹ̀;
gbogbo àdúgbò gbọ́ ohun tó sọ.

Ni Ìbídùn àbúrò mi bá ra ẹ̀rọ kan wá láti Sàpọ́n,
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ,
owó búrẹ́dì méjì.
Ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú táǹkì,
irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn,
ó so òkúta mọ́ ọn kí ó lè kan ìdí,
ó fi àtè lẹ orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, pinpin.
"Afẹ́fẹ́ há síbẹ̀," ó ní. "Bí omi bá ṣe ga tó
ni yóò ṣe fún un mọ́lẹ̀ tó. Ẹ̀rọ ń ka ìnira rẹ̀."
A kọ ọ́ sórí bébà fún Bàbá.
Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ fún afẹ́fẹ́ lọ́rùn kí ó lè jẹ́wọ́?"

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi sọ òótọ́.
Ní ọjọ́ keje, òjò ṣú bo Olúmọ,
fóònù ní omi ti dín ní ìka méjì.
Ẹnikẹ́ni kò ṣí ẹ̀rọ.
Mo wo Mọdínátù. Mo wò ó jù.
Títí dòní mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ kan,
nítorí ojú ọ̀run ni olè náà:
òun ló gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí omi,
ẹ̀rọ wá rò pé omi ló lọ.

A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò.
Ìbídùn sì fi ẹ̀rọ méjì wọn táǹkì:
ó gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò so ó mọ́ nǹkan kan.
Ọ̀kan ń ka omi pọ̀ mọ́ ọ̀run,
ọ̀kan ń ka ọ̀run.
Yọ ọ̀run kúrò.
Èyí tó kù ni kí o fi wẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wà lójú fóònù Bàbá.
Kò gbà á gbọ́ tán. Ó ní, "Lọ lù ú."
Mo gun àpáta. Mo lù ú. Dì, dì, gboo.
Mo dúró lókè, mo fi ọwọ́ gé ìbàdí mi hàn án.
Ó wo fóònù. Ó wo ìbàdí mi.
Ó ní kí a má fọ aṣọ lónìí.

Mọdínátù ti rẹ tirẹ̀ sómi.