Ìpín Omi Wa ní Aago Méjì Òru

Aago méjì òru ni ìpín omi wa.
Ọjọ́ méje-méje ló ń yí kàn wá,
ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kò lé, kò dín;
ó ti wà nínú ìwé láti ayé bàbá bàbá ọkọ mi.
Ní ilẹ̀ Púńjàbù níbí, ẹni tó bá kọ omi,
wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Mo gbé ṣọ́bìrì, mo tan tọ́ọ̀ṣì,
mo wọ bàtà rọ́bà tí ọkọ mi fi sílẹ̀
nígbà tó ń lọ fún wàrà màlúù ní Ítálì.
Ẹsẹ̀ mi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Àlìkámà ti yọrí. Ọmọ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ wàrà:
fi èékánná tẹ ẹyọ kan, omi funfun á yọ.
Àsìkò yìí gan-an ni òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́,
àsìkò yìí náà ni orí máa ń wúwo ju ọrùn lọ.

Ní oṣù Jánúárì, Nachattar, bàbá ọkọ mi,
ní kí n da àpò yúríà kan sí i, lé èyí tí mo ti dà.
"Wo oko Mukhtiar, bó ṣe tutù yọ̀yọ̀!"
Mo ní mo ti dà á. Mo gbé àpò náà sẹ́yìn àká.
Ẹ̀rù bà mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí oko wa fi ń ṣe bí aláìsàn,
tí ti Mukhtiar ń ga, tó ń dán,
tí àwọn èèyàn ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè wò ó.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, kó tó kú.
Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.
Ó fa igi àlìkámà kan tu, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀:
"Ibí ni kí o máa wò. Gbogbo ayé ń wo orí.
Èyí tó yára ga, egungun rẹ̀ kì í gbó.
Ilẹ̀ tó sì mumi yó kì í di ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mú."

Mo dé ẹnu ọ̀nà omi. Omi ti dé, ó ń kùn.
Ìwọ̀ oòrùn ń mí.
Kò tíì di ìjì; ó kàn ń gbé etí ìborùn mi sókè,
ó ń sọ ọ́ kalẹ̀,
bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò, tí kò tíì pinnu láti rà.
Mànàmáná kan ṣẹ́jú lọ́nà jíjìn, kò sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Mo ti lo mẹ́wàá lórí ìdúró.
Mo ronú gbèsè tirakítọ̀.
Mo ronú bàbá tí orúnkún ń dùn, tí kò sùn,
tó ń tẹ́tí bóyá omi á dún wọ oko.
Mo fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà wa.
Mo jẹ́ kó kọjá lọ sọ́dọ̀ Mukhtiar.
Mi ò sì ránṣẹ́ sí i pé atẹ́gùn ń bọ̀.

Ìjì dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní òwúrọ̀, oko Mukhtiar sùn lọ gbọọrọ
bí irun tí wọ́n fi omi yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Tiwa tẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó dúró;
àyàfi igun kan lẹ́bàá igi,
níbi tí àpò yúríà àkọ́kọ́ ti ya mọ́ mi lọ́wọ́.

Nachattar fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé etí oko.
Kò béèrè omi. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora,
ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí igi kan.
"Àpò tó wà lẹ́yìn àká yẹn," ó ní,
"eku ti jẹ etí rẹ̀. Gbé e sókè."

Ní òdìkejì ààlà, ìyàwó Mukhtiar ń gbé ọkà dìde
lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n ti ara wọn.
Ọkà tó ti ṣẹ́ ní oríkèé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Ó gbé ojú sókè, ó rí mi nínú bàtà ọkùnrin:
"Simrat, ìpín omi yín ńkọ́, lóru àná?"