Ọ̀pá Ìwọn Epo

Ọmọbìnrin náà bi mí níbi tí wọ́n ti hú táǹkì.
Mo ní, wo ibi tí koríko kò hù sí,
láti ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì dé ìdí igi ìbẹ́pẹ tó gbẹ yẹn,
ibẹ̀ ni wọ́n sùn sí, àwọn mẹ́ta,
bẹntiróòlù méjì, díísù kan,
fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lójú ọ̀nà Ìgbógbó.

Fadérera lorúkọ rẹ̀.
Ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún,
ó gbé irin gígùn kan tó lọ́ bí ìwo àgbò,
ó gún un mọ́lẹ̀, ó ń yí i,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Mítà kan: iyẹ̀pẹ̀ pupa, bíi ti gbogbo Ìkòròdú.
Mítà kan ààbọ̀: ó ṣì pupa, mo ti ń rẹ́rìn-ín.
Mítà méjì: ó di eérú.
Ní mítà mẹ́ta ó dúdú, ó ń dán,
òórùn rẹ̀ gbá mi nímú
mo sì di ọmọ ọgbọ̀n ọdún lójijì,
kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lápò, báírò létí.

Nítorí èmi ni akọ̀wé ibẹ̀.
Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ,
Mùsílíù á ki ọ̀pá bọ táǹkì, á fà á yọ,
á pe iye tó rí, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé.
Oṣù kan, ó dín ogójì lítà.
Oṣù kejì, ó dín ọgọ́rùn-ún.
Nígbà tí òjò oṣù keje dé, ó dín irínwó.
Ọ̀gá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ,
ta ló ń di ọ̀pá mú?
Mo sọ ọ́.
Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló wà lójú ìwé.

Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀ lójú títì.
Ìyá rẹ̀ ta ọkọ̀ ẹja bàbá rẹ̀ ní Báyékù,
ó fi san gbèsè epo tí ẹnikẹ́ni kò rí tà.
Ó lọ. Àwọn kan ní Kútọnu, àwọn kan ní Àjàṣẹ́.
Títí dòní, tí wọ́n bá ń ṣépè olè ládùúgbò wa,
orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Fadérera ń kó iyẹ̀pẹ̀ sínú ìgò,
ó ń lẹ bébà mọ́ ọn: ihò kẹrin, mítà mẹ́ta, Ọjọ́rú.
Ó ní táǹkì kan ti dógùn-ún nísàlẹ̀,
pé wọ́n rí ihò lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n hú u,
kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
"Bàbá, ǹjẹ́ epo máa ń dín nígbà yẹn?"

Ojú abẹ́rẹ́.
Olè là ń wá kiri, ilẹ̀ ló ń mu ún.
Ilẹ̀ mu ún, kò ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kò bì,
ó kàn ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀,
ó gba abẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó gba abẹ́ mọ́ṣáláṣí,
títí ó fi yọ nínú kànga Ìyá Kúdírá,
níbi tí àwọn ọmọ ti ń pe ara wọn
wá wo òṣùmàrè nínú garawa.
Àwa àgbà náà wò ó. A ní ó lẹ́wà.

Mo ṣì ní ìwé náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà,
eku ti jẹ etí rẹ̀.
Fadérera ní kí n mú un wá, á fi mọ iye tó wà nílẹ̀.
Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo ń kà á fún un,
ṣùgbọ́n ohùn Mùsílíù ni mò ń gbọ́
tó ń pè é bó ṣe rí i gan-an,
kò fi ọ̀kan lé e, kò yọ ọ̀kan kúrò.

Òjò ń ṣú bọ̀ láti ojú ọ̀sà.
Ó ní ká fi tapólì bo ihò náà.
Mo ní kó ṣe sùúrù,
kí ilẹ̀ mí díẹ̀ ná.