Ìka Ò Dọ́gba

Ìwé náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Akọ̀wé Oyèdòkun ló gbé e wá láti Ìbàdàn
lọ́dún tí a gba òmìnira,
ẹṣin funfun méjì lára èèpo rẹ̀, ẹyẹ kan lókè,
ó ń rùn fún kẹrosíìnì
torí inú àpò kan náà ló kó o sí pẹ̀lú àtùpà.

Ní ibùdó wa lẹ́yìn oko kajú, lọ́nà Ìgbẹ̀tì,
níbi tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀
tí wọ́n á sì ti rìn jìnnà kí a tó jáde,
ó jókòó lórí àpótí ọṣẹ, ó kà á fún wa,
ó ń tú u sí Yorùbá bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun,
ó dúró, ó tu ọ̀rọ̀ kan dànù, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí.
Ìyá mi Àwẹ̀ró ní kí ó tún ibẹ̀ kà.
Gbogbo.
"Ṣé wọ́n yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀?"
Akọ̀wé ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn,
ó ní òun ò rí ẹnìkan.
Mi ò tíì gbọ́ kí ìyá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

N ò ní purọ́: àwọn tó kọ ọ́ ò ronú kàn wá.
Wọ́n jókòó sílé ńlá, wọ́n ń pín ilẹ̀, wọ́n ń pín àga,
ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lọ́wọ́ wọn,
adìẹ wa ṣà á.

Lọ́jọ́ ìbò, ó wọ bùbá aláró,
ó rin máìlì mẹ́rin, èmi ni mo bá a mú káàdì.
Lábẹ́ máńgòrò ilé ẹ̀kọ́,
oníbò wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìgò tàdáwà.
"Ìyá, níbo ni n ó kùn? Ẹ ò ní ìka.
Bí ẹ bá dìbò lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò mọ̀?"
Èrò ń fà sẹ́yìn. Ẹnìkan pòwe
pé adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù.
"Mi ò wá dà á nù," ni ìyá mi wí, "mo wá gba ìwọ̀n tèmi."
Bàbá kan tó gbé agboòrùn, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní,
"Àwẹ̀ró, ṣebí o mọ̀ pé ìka ò dọ́gba."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sínú oòrùn,
kùkùté mẹ́wàá.
"Ẹ wo tèmi dáadáa, Bàbá.
Tèmi dọ́gba."

Wọn ò jẹ́ kó dìbò.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ológun dé, ogun jà, ológun ń lọ.
Ọmọdébìnrin kan ki ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bọ tàdáwà,
ó ní, "Ó parí, Ìyá."
Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi ọṣẹ kan ibẹ̀.

Wọ́n ti ya ìwé yẹn, wọ́n ti kọ òmíràn, wọ́n tún ti ya á.
Tiwa ṣì wà nínú agolo bisikíìtì.
Ikán ti jẹ ibi tí wọ́n ti ń kí ọbabìnrin òyìnbó;
kò kan gbogbo.
Ikán náà mọ ohun tó ń jẹ.

Agolo ọ̀hún ni ọmọ mi Mopélọ́lá gbé lé orúnkún
lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, tó fi wọ ọ́fíìsì yunifásítì.
Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni kíláàsì rẹ̀;
ọdún kan gbáko ni àwọn ọ̀rẹ́ fi ń gbé e gòkè bí àpò èlùbọ́.
Wọ́n ní kó ṣe sùúrù, wọ́n ní owó ò sí,
ọ̀gá kan tilẹ̀ fẹ́ sọ pé ìka,
ó wo ojú ọmọ náà,
ó gbé ọ̀rọ̀ mì.

Lánàá, káfíńtà kan wá wọn ẹnu ọ̀nà.
Ó kọ nọ́ńbà sára ògiri pẹ̀lú ẹfun.
Kò tíì padà wá.
Nọ́ńbà ṣì wà níbẹ̀; Mopélọ́lá ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún.