Wákàtí Méjì Ó Lé Díẹ̀

Ligaya ní kí n bá òun wò ó lórí fóònù mi,
tirẹ̀ ti kú láti aago mẹ́ta òru:
láti Manila dé Hong Kong, báwo ló ṣe jìnnà tó?
Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó la wà, ní Hull,
òjò oṣù kẹta ń họ fèrèsé bí ológbò tó fẹ́ wọlé.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn kíá, bí ọmọ tó mọ ìṣirò:
ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ó lé díẹ̀.
Ọkọ̀ òfúrufú á fò ó ní wákàtí méjì, ó lé díẹ̀.

"Wákàtí méjì," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dójú.
Èmi náà ń ṣírò nínú mi.
Wákàtí méjì: ọkọ̀ ojú irin láti Hull dé Manchester,
bí wọn ò bá fagi lé èyí tó yẹ ká wọ̀ ní Leeds.
Wákàtí méjì: kí n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn mẹ́sàn-án,
kí n gbé tíì fún Ọ̀gbẹ́ni Thackray lẹ́ẹ̀mẹta,
kó gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹta pé òun ti mu ún.

Àwòrán ayé kan wà lára ògiri yàrá tí a ti ń jẹun,
ó ti ṣá, àbàwọ́n tíì ti bo Ọsirélíà.
Ó fi èékánná àtàǹpàkò wọn ìlú méjèèjì.
Èékánná bo òkun náà tán, ó tún ṣẹ́ kù.

Dalisay, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wà ní Hong Kong,
ó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún mọ́kànlá.
Nígbà tí ìyá wọn dákẹ́ ní Manila,
ọ̀gá ní ọmọ ń ṣèdánwò,
ta ni yóò máa sìn ín lọ síléèwé?
Kó ṣe sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Òkú ò mọ ìdánwò.

Ligaya kúrò níbí lọ́jọ́ Ẹtì.
Bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́.
Wákàtí mẹ́fà lórí àga irin ní Doha.
Òmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì inú omi.
Òun ló bá wọn da erùpẹ̀ sí sàréè.
Ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé wo ìsìnkú nínú fóònù,
nínú ilé ìdáná olówó, ó ń gbé ẹkún mì
kí ọmọ ọ̀gá má baà jí.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé kò sí bí ọ̀nà ṣe lè jìn tó, ó lópin.
Wọn ò sọ nǹkan kan nípa èyí tí kò jìn.

Mo fẹ́ bi í ìdí tó fi ń béèrè ohun tó ti mọ̀.
N kò bi í. Mo ti wo Èkó náà lórí fóònù yìí,
láti Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀,
mo wò ó lọ́dún Kérésì, mo tún wò ó lọ́dún tó tẹ̀ lé e,
bí ẹni pé iye náà lè dín kù.

Ó yọ máńgòrò gbígbẹ lápò, ó fún mi ní ẹyọ méjì.
Ó dùn, ó le, ó lẹ̀ mọ́ eyín.
Aago yàrá keje dún. Ọ̀gbẹ́ni Thackray ni.
Ó ní ṣé ilẹ̀ ti mọ́, ṣé ìyá òun ti dé.
Ligaya tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ó ní,
"Wọ́n wà lọ́nà. Wọn ò jìnnà mọ́."