Ọjọ́ Tí Kátíkísì Pa Ìwé Dé

Àjákù irin rélùwéè ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa.
Bàbá mi ló rù ú láti Ọ̀fà wá sí Ìsánlú,
ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, òṣùká fàya mọ́ ọn lórí.
Òun náà ló ń lù ú.
Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́;
ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta kò bára mu.

Ọdún eéṣú ni.
Eéṣú jẹ bàbà tán, ó jẹ ewé iṣu, ó jẹ koríko orí òrùlé,
ìwé owó orí sì dé láti Ìlọrin:
ṣílè méje lórí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan,
títí kan Ọdẹ́wálé tó kú lóṣù tó kọjá,
nítorí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé.

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ránṣẹ́ sáwọn oníwàásù:
"Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Áàfáà Sanúsí dìde sí wáàsí,
ó wo ìránṣẹ́ tó jókòó síbi tí bàtà pọ̀ sí,
ó ní, "Ẹni tó bá jẹ gbèsè, kó san án."
Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ ẹ́."
Ó parí. Wọ́n kírun, wọ́n lọ sílé.
Wáàsí àti ìwàásù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n,
ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀lú ló yàtọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi lu irin títí apá fi ro ó.
Dógárì mẹ́rin wà lẹ́yìn, ògbufọ̀ kan mú pẹ́ńsù dání.
Nehemáyà Awóyalé, ọmọ ilé awo tó di kátíkísì,
gorí pẹpẹ nínú ẹ̀wù funfun tí ọrùn rẹ̀ ti pọ́n.
Wọ́n ti fi takàdá sàmì síbi tí wọ́n ní kó kà,
ibi tó ní ká tẹríba fáwọn aláṣẹ.
Ó kà á. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.
Ògbufọ̀ ń kọ ọ́, ó ń mirí.
Lẹ́yìn náà ló pa ìwé dé,
bí ẹni tó ti ewúrẹ́ mọ́ta.

Ibí ni ìtàn bàbá mi ti yà.
Lẹ́ẹ̀kan, ó ní kátíkísì béèrè pé:
"Ta ló ka eéṣú? Ìwé wo ni wọ́n kọ tirẹ̀ sí?"
Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kò béèrè nǹkan kan,
ó kàn ń pe orúkọ àwọn òkú ọdún náà ni.
Ọdẹ́wálé. Ṣílè méje.
Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ọmọ Olúkòtún. Ṣílè méje.
Títí ìyá Ọdẹ́wálé fi bú sẹ́kún
tí ògbufọ̀ sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti darúgbó nígbà náà, ó ní:
"Mi ò gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà,
mo ń di irin mú kó má dún mọ́."

Ohun tó dá mi lójú rèé:
ní ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni kò san owó.
Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná sọ nílé tí wọ́n ń kó owó orí sí.
Ní Ọjọ́bọ̀, ṣọ́jà dé.
Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n nà láàárín ọjà,
wọ́n kó wọn lọ sẹ́wọ̀n Ìlọrin.
Ọ̀kan ò padà. Bánkólé ni, tenọ́ ló ń kọ.
Wọn ò fọwọ́ kan kátíkísì;
bíṣọ́ọ̀bù kọ lẹ́tà, wọ́n gbé e lọ sí abúlé kan létí Odò Ọya.
Kó tó lọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọgbà ẹ̀wọ̀n,
èlùbọ́ lápò, iyọ̀ nínú ewé;
Pàkátà ló ń sùn, nílé ẹ̀gbọ́n Áàfáà Sanúsí.

Àwọn kan ní akọni ni.
Ìyá Bánkólé kò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi wọ ilẹ̀.
"Òun ló lẹ́nu," ló máa ń wí, "ọmọ mi ló lẹ́yìn."

Irin náà ṣì wà lára igi ọdán, ó ti dógùn-ún.
Nígbà tí mo délé lọ́dún tó kọjá,
mo mú òkúta, mo lù ú.
Kò dún bí agogo. Ó dún bí irin.
Ọmọdé kan yọjú lójú fèrèsé, ó bi mí pé,
"Ṣé wọ́n ti fẹ́ wọlé ni?"