Igbó Òdìkejì Odò

Màmá, ẹ má pariwo. Ẹ jókòó ná.
Wọ́n mú Fẹ̀hìntọ́lá lánàá.
Wọ́n ní igbó ni àwọn bá lọ́wọ́ ẹ̀.
Rárá, kì í ṣe igbó ọdẹ,
kì í ṣe igbó tí Bàbá ṣán kó tó gbin kòkó.
Igbó yẹn. Èyí tí àwọn ọmọ gáréèjì ń fà,
tí ẹ máa ń ní bí mo bá gbóòórùn ẹ̀ kí n sáré kọjá.

Òróró ni, Màmá, nínú ìgò tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ.
Ìdajì súúrínjì lábẹ́ ahọ́n Ìbídùn, láàárọ̀, lálẹ́.
Kò fà á. Kò fín in.
Ó rò pé omi ewé lásán ni, ó máa ń yọ ahọ́n sí wa.

Ẹ rántí gìrì yẹn. Ẹ rí i nínú fóònù lọ́jọ́ Àjíǹde,
bó ṣe ń gbọ̀n, tí ojú ẹ̀ yí bíi ti ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú,
ẹ ju fóònù sílẹ̀, mo ń gbọ́ tí ẹ ń pe Jésù nílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Igba ó lé mọ́kànlá lóṣù kan ṣoṣo.
Mo fà á sára kàlẹ́ńdà ilé-iṣẹ́ ṣúgà,
ìlà mẹ́rin, ọ̀kan dábùú wọn, bí ẹni ń ka àpò ìrẹsì.
Oògùn márùn-ún ni dókítà ti gbìyànjú.
Ọ̀kan mú un sùn títí ó fi gbàgbé orúkọ mi.
Oṣù kejì tí a bẹ̀rẹ̀ ìgò yẹn, méje.
Màmá, méje.
Ó jókòó nídìí tábìlì, ó ní, "Dádì, bọ́tà yìí kéré."
Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi.

Odò Ejò ni wọ́n ń pe odò tó pààlà wa.
Kò fẹ̀ tó Ọya.
Lódìkejì, ní Óńtáríò ti Ọ́rígọ́nì, ìlú alálùbọ́sà,
ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń tà á, wọ́n á já rìsíìtì fún ọ,
wọ́n á ní ó dàbọ̀ o.
Fẹ̀hìntọ́lá sanwó bí ìyá.
Ó gun afárá, ó ń bọ̀ ní Námpà.
Láàárín afárá, láìbọ́ọ́lẹ̀, ó di ọ̀daràn.

Iná ẹ̀yìn kan ló kú lára mọ́tò.
Èmi ni mo ní tó bá di Sátidé n óò pààrọ̀ gílóòbù ẹ̀.
Dọ́là mẹ́sàn-án, Màmá.
Èmi ni.

Ọlọ́pàá náà ò jágbe mọ́ ọn.
Ó kàn bèèrè ohun tó wà nínú báàgì oúnjẹ ọmọ.
Ẹ mọ ìyàwó mi, irọ́ kì í dúró sẹ́nu ẹ̀.
Ó ní, "Oògùn ọmọ mi ni."

Láàárọ̀ yìí obìnrin ìjọba kan kanlẹ̀kùn.
Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, èmi ò sì sọ fún un.
Ó ṣí fíríìjì, ó ka ẹyin,
ó bi mí bóyá a fẹ́ràn ọmọ wa,
ihò onígun mẹ́rin kan wà nínú ìwé ẹ̀ fún ìdáhùn,
èékánná mi ò lè wọ̀ ọ́.
Ó wá rí kàlẹ́ńdà. Ó dúró síwájú ẹ̀ pẹ́.
Ó ń fi ìka tọ ìlà. Kò kọ nǹkan kan.

Màmá dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì ti tán.
Ó wá ní: "Lọ́dún tí gìrì fẹ́ gbé ìwọ náà lọ,
ewé tábà oko Ògúńsìjì ni mo jí já lóru.
Mi ò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi kú.
Ta ní ń ka òfin nígbà tí ẹnu ọmọ bá há?"

Ọjọ́bọ̀ ni kóòtù. Lọ́yà ní kí n wọ táì.
Ìbídùn ń sùn. Bírò wà lọ́wọ́ mi.
Láti àná, ìlà méje.